Ariwo Aago Mẹ́rin

Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún kí aago mẹ́rin lù, ariwo yẹn sì tún wà nínú rédíò Bàbá Wáyà bí ẹni tó ń da iyanrìn sórí páànù, tí kò dáwọ́ dúró, tí kò sì mí.

Ó tẹ́ etí sí i. Ó yí bọ́tìnnì sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. Ariwo náà ò kúrò lójú kan. Ó gbójú sókè, ó wo ògiri tó wà láàrin ilé rẹ̀ àti ilé aránṣọ, ó sì bú aránṣọ ní èébú kan tó ti ń tọ́jú láti ọdún mẹ́fà.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ kan ṣoṣo tí ìyàwó rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un kó tó kú, ni nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn kékeré kan lódìkejì odò, níbi tí òkè méjì ti kọjú síra wọn. Ọjọ́ kẹrin rèé tí odò ti kún bo gbogbo ibẹ̀. Omi gbé afárá lọ. Òpó fóònù tó wà lọ́hùn-ún wó. Ohun kan tó kù tí ohùn fi lè kọjá ni rédíò kékeré tí Bàbá Wáyà fọwọ́ ara rẹ̀ dì sínú báàgì ọmọ náà lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e lọ síbi iṣẹ́. Rédíò yẹn kì í wá òpó ẹnikẹ́ni. Èèyàn á ju wáyà gígùn kan kọ́ sórí igi, á so bátìrì mọ́ ọn, á sì máa bá ẹni tó ní irú rẹ̀ sọ̀rọ̀, ìbáà jẹ́ ẹ̀yìn òkè mẹ́wàá. Àwọn méjèèjì ló ní ìwé àṣẹ rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni ọmọ ṣe ìdánwò tirẹ̀ tó yege. Bàbá, tó ti fi ilé ìwé sílẹ̀ láti kíláàsì kẹrin, ṣe tirẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, nítorí pé ẹ̀ẹ̀mejì àkọ́kọ́ ló bá ẹni tó ń bi í ní ìbéèrè jà.

Aago márùn-ún àbọ̀ ìdájí ni wọ́n máa ń sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀, kí nọ́ọ̀sì tó lọ síbi iṣẹ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejì ìkún omi, ó sọ fún bàbá rẹ̀ pé, "Bàbá, omi ti wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀. A fẹ́ máa kó àwọn aláìsàn gun òkè. N ò ní ráyè láàárọ̀ mọ́. Láti ọ̀la, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ máa retí mi. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni màá pè yín. Bí n ò bá gbọ́ ohùn yín, màá pa á títí dọjọ́ kejì, torí bátìrì mi ti ń lọ."

Kò sọ òkè tó jẹ́. Òkè tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta ni àbí òkè tó ní táńkì omi lórí, Bàbá Wáyà ò béèrè. Láti ìgbà yẹn ló ti ń fi orí gbá ògiri ní ọkàn rẹ̀ pé kí ló dé tí òun ò béèrè.

Lánàá, nígbà tí aago mẹ́rin lù, ohùn ọmọ náà dé, ṣùgbọ́n bí ohùn ẹni tó wà lábẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì mẹ́ta ló rí. Ariwo bò ó. "Bàbá" nìkan ni bàbá rẹ̀ gbọ́. Kò mọ ìgbà tó dákẹ́, kò mọ ìgbà tó tún bẹ̀rẹ̀, ó kàn ń pariwo lé e lórí títí tí ọ̀fun rẹ̀ fi gbẹ. Lẹ́yìn náà, kò sí ohun tó kù ju ariwo lọ. Atukọ̀ kan tí Bàbá Wáyà ti bẹ̀ pé kó lọ kó wọn, tó ti ń dúró létí odò, gbéra láìmọ ibi tó ń lọ, ó yí ẹ̀bá òkè tó ní táńkì ká, ilẹ̀ fẹ́ ṣú bá a, ó sì padà lófo.

Òní ló kù. Atukọ̀ ti pè é lórí fóònù lọ́sàn-án.

"Bàbá, epo tó kù nínú ẹ́ńjìnì ò lè gbé mi dé òkè méjì. Ẹ sọ ọ̀kan fún mi, mo máa lọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí aago mẹ́rin àbọ̀ bá kọjá, ẹ má bínú, n ò ní gbé e sómi mọ́. Mo níyàwó."

"Mi ò sọ pé o ò níyàwó."

"Ẹ ò sọ bẹ́ẹ̀. Mo kàn ń rán yín létí ni."

Ìdí nìyẹn tí ariwo inú rédíò fi dà bí ọwọ́ tó wà lọ́rùn Bàbá Wáyà. Ó sì mọ ẹni tó ni ọwọ́ náà. Aránṣọ ló ní ínfátà, ẹ̀rọ tó ń sọ iná bátìrì di iná ilé, irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ sì máa ń da ariwo sínú rédíò tó bá wà nítòsí. Kò sí ẹlòmíì ní àdúgbò tó ní in. Èèyàn tó ti gé wáyà ẹ́ríálì òun lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn nítorí pé ó rọ̀ wọ inú ọgbà rẹ̀ ní ìwọ̀n apá kan, kí ni kò ní ṣe? Bàbá Wáyà ò tíì bá a sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ náà. Bí wọ́n bá pàdé lójú ọ̀nà, á bẹ̀rẹ̀ sí í wo bàtà ara rẹ̀. Ìyàwó aránṣọ nìkan ló máa ń kí, torí pé obìnrin yẹn ló ń di irun fún ọmọ rẹ̀ nígbà tí kò sí ìyá mọ́.

Ó gbé àga, ó gun orí rẹ̀, ó yọ orí jáde lókè ògiri.

"Aránṣọ."

Aránṣọ wà ní ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ ẹlẹ́sẹ̀, ó ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ lábẹ́ òrùlé ẹ̀yìnkùlé. Ó gbójú sókè díẹ̀díẹ̀.

"Ta ló ń pè mí? Àbí òkú ló ń sọ̀rọ̀?"

"Pa ínfátà rẹ."

"Ẹ kú ọ̀sán, Bàbá Wáyà. Ọdún mẹ́fà. Ẹ ti sanra o."

"Mi ò wá fún eré. Ọmọ mi fẹ́ pè mí ní aago mẹ́rin, ariwo ínfátà rẹ ò jẹ́ kí n gbọ́ ọ. Lánàá náà, ìwọ lo ò jẹ́ kí n gbọ́ ọ. Pa á, mo fi ohun tó o bá gbà gbọ́ bẹ̀ ọ́."

Aránṣọ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. "Ínfátà wo? Láti ọjọ́ tí òjò ti bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n ti mú iná lọ ni mo ti pa á. Kí ló dé tí ẹ rò pé mo ń fẹsẹ̀ ránṣọ bí ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́?"

"Irọ́ ni."

"Ẹ gba ẹnu ọ̀nà wọlé kí ẹ wá wò ó. Ẹ má gba orí ògiri, egungun yín ò gba bẹ́ẹ̀ mọ́."

Bàbá Wáyà wọlé tọ̀ ọ́. Ó wọ yàrá tí ínfátà wà. Ẹ̀rọ náà dákẹ́ bí òkúta. Aránṣọ ti tú wáyà rẹ̀ kúrò lára bátìrì ńlá tó wà nísàlẹ̀, ó fi èérún aṣọ wé orí irin méjèèjì kí nǹkan má baà kàn án, eruku sì ti hàn lórí aṣọ náà. Kò sí bí ènìyàn ṣe lè fi ìṣẹ́jú márùn-ún ṣe irú eruku yẹn.

"Mo ń tọ́jú iná inú ẹ̀ ni," ni aránṣọ wí. "Aṣọ àwọn ọmọ ilé ìwé wà lọ́rùn mi, bọ́tìnnì rẹ̀ nìkan ni mo máa fi ẹ̀rọ oníná ṣe."

Bàbá Wáyà wo bátìrì, ó wo ínfátà, ó tún wo òrùlé bí ẹni pé wọ́n tọ́jú òmíràn síbẹ̀. "Nígbà náà, nǹkan míì ni. Gílóòbù ńkọ́? Tẹlifíṣọ̀n ńkọ́?"

"Ẹ wò ó, kò síná."

"Tọ́ọ̀ṣì tí ẹ fi ń ṣáàjì fóònù ńkọ́?"

Aránṣọ mú tọ́ọ̀ṣì náà, ó yọ bátìrì inú rẹ̀, ó tò ó sórí tábìlì níkọ̀ọ̀kan. "Ó tó? Àbí kí n yọ eyín mi náà?"

Wọ́n jọ padà sílé Bàbá Wáyà, ìyàwó aránṣọ sì tẹ̀ lé wọn pẹ̀lú gèlè tí kò tíì wé tán. Kí Bàbá Wáyà tó wọlé rárá ló ti gbọ́ ariwo náà láti ojú fèrèsé. Kò yí padà. Ó tún jọ pé ó le sí i.

Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́fà.

"Kí ni ẹ̀yin fi ń gbé iná wọ bátìrì tiyín?" ni ìyàwó aránṣọ béèrè.

"Sólà."

"Ó wà lórí òrùlé, mo rí i. Ohun tó wà láàrin sólà àti bátìrì ni mò ń béèrè. Àpótí tó ń tàn wínníwínní yẹn. Ṣé òun kì í pariwo?"

Bàbá Wáyà wò ó bí ẹni tí wọ́n béèrè bóyá ọmọ rẹ̀ ń jalè. Àpótí yẹn, òun fúnra rẹ̀ ló tò ó. Oṣù méjì ló fi lẹ wáyà inú rẹ̀ mọ́ra. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó máa ṣí iná sólà, kó máa tì í, kó máa ṣí i, kó máa tì í, lọ́nà tó yá ju kí ojú rí i, kí iná má baà pọ̀ jù fún bátìrì. Ó ti fi han gbogbo àwọn tó ń tún rédíò ṣe ní ìlú. Nígbà tí ọ̀kan nínú wọn sọ pé irú àpótí bẹ́ẹ̀ máa ń yọ rédíò lẹ́nu, Bàbá Wáyà pa orúkọ onítọ̀hún rẹ́ kúrò nínú àwọn tó ń kí.

"Ọdún kan gbáko ló ti wà níbẹ̀," ló wí. "Ojoojúmọ́ ni mò ń bá ọmọ mi sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀. Kò pariwo rí."

"Ó dáa. Mo kàn béèrè ni."

Ibi tí wọ́n ti ń sọ ọ́ ni ìkùukùu kan ti bo oòrùn. Inú yàrá ṣókùnkùn díẹ̀. Ariwo inú rédíò sì rọlẹ̀ ṣìì, bí ìgbà tí wọ́n bá gbé ìkòkò tó ń hó kúrò lórí iná. Ìkùukùu kọjá, oòrùn tún là, iyanrìn tún bẹ̀rẹ̀ sí í dà sórí páànù.

Aránṣọ wo ilẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ wé gèlè tó kù.

Bàbá Wáyà jókòó. Ó yé e lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì dùn ún dé eegun. Aago márùn-ún àbọ̀ ìdájí ni wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ láti ọdún kan. Kò sóòrùn nígbà yẹn, àpótí ń sùn. Láti ìgbà tó ti gbé àpótí síbẹ̀, kò tíì fi etí gbọ́ rédíò yẹn lọ́sàn-án tí oòrùn ń ràn rí, nítorí pé ọ̀sán ni àkókò iṣẹ́. Aago mẹ́rin àná ni oòrùn kọ́kọ́ yọ lẹ́yìn òjò ọjọ́ mẹ́ta. Òun fúnra rẹ̀ ló bo ohùn ọmọ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Atukọ̀ tó padà lófo, òun ló dá a padà. Òru tí ọmọ náà sùn lórí òkè, òun ló fún un.

"Ẹ tú u," ni aránṣọ wí jẹ́jẹ́.

"Bí mo bá tú u, bátìrì ò ní lè ṣe nǹkan kan. Mo fi rédíò sílẹ̀ tọ̀sántòru ọjọ́ mẹ́ta láìsí oòrùn. Iná tó wọ inú ẹ̀ láti àárọ̀ ò ju kọ́ọ̀bù omi lọ."

"Bí ẹ ò bá tú u ńkọ́?"

Ó mú píláyà. Ẹnu píláyà yọ̀ lẹ́ẹ̀mejì lórí nọ́ọ̀tì. Ó tú wáyà sólà, ó tú èyí tó lọ sí bátìrì, ó gbé àpótí náà jáde pátápátá, ó sì jù ú sórí òkìtì yanrìn tó wà lẹ́yìn ilé.

Inú rédíò dákẹ́. Kì í ṣe ìdákẹ́jẹ́ ohun tó kú, ṣùgbọ́n bí ilé tí gbogbo ènìyàn ti jáde, tí èèyàn lè gbọ́ aago ara ògiri. Ní ọ̀nà jíjìn, àwọn ọkùnrin méjì ń sọ̀rọ̀ nípa ojú ọjọ́ ní èdè míì. Ọjọ́ pẹ́ tó ti gbọ́ irú wọn lọ́sàn-án.

Aago mẹ́rin lù.

"Bàbá. Bàbá. Èmi ni. Ṣé ẹ ń gbọ́ mi?"

Ohùn náà tẹ́ẹ́rẹ́, ó rẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n ó mọ́ bí omi tí wọ́n sẹ́. Bàbá Wáyà gba máìkì, ó tẹ bọ́tìnnì rẹ̀. "Mo ń gbọ́ ọ, ọmọ mi, mo ń..."

Iná ojú rédíò kú. Kí èèyàn gbọ́ ò gba iná púpọ̀, kí èèyàn sọ̀rọ̀ ló ń gbà á, bátìrì náà ò sì ní in. Nígbà tó gbé ọwọ́ kúrò lórí bọ́tìnnì, rédíò tún jí. Ọmọ náà ti ń sọ ọ́ lọ́wọ́: "...kejì rèé. Bàbá, bí ẹ bá ń gbọ́, ẹ dá mi lóhùn, ẹ jọ̀ọ́. Mo máa dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, kí n tó pè yín níkẹyìn."

Ó tún tẹ̀ ẹ́. Ó tún kú.

"Sọ òkè tó o wà," ló ń sọ fún rédíò tó ti kú, "sọ òkè nìkan, má dúró dè mí, sọ òkè nìkan."

Aránṣọ ti jáde. Bàbá Wáyà ò tilẹ̀ mọ̀. Ó kàn gbọ́ ohùn ìyàwó aránṣọ láti ìta pé, "Ẹ rọra o, ẹ̀yìn yín," ó sì rí orí aránṣọ lókè ògiri, ojú rẹ̀ pọ́n, iṣan ọrùn rẹ̀ dìde, ó gbé bátìrì ńlá náà lé orí ògiri tí òun fúnra rẹ̀ mọ.

"Ẹ gbà á. Ó wúwo ju àna mi lọ."

Wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, Bàbá Wáyà àti obìnrin náà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ já lé wọn lẹ́sẹ̀. Kò sí àpótí kankan láàrin. Kò sí ohun tó ń ṣí tó ń tì. Bátìrì lásán, wáyà méjì lásán. Bàbá Wáyà ya aṣọ kúrò lórí irin, ó wo àmì wọn lẹ́ẹ̀mẹta, torí bó bá fi èyí sí ipò ìyẹn, rédíò á jóná, ọ̀rọ̀ á sì tán. Pupa sí pupa. Dúdú sí dúdú.

"Bàbá, ẹ̀ẹ̀kẹta rèé. Màá pa á báyìí."

"Má pa á." Iná ojú rédíò ò mì. "Má pa á. Èmi rèé. Mo ń gbọ́ ọ kedere."

Ó gbọ́ tí ọmọ rẹ̀ ń sunkún, irú ẹkún tí àwọn nọ́ọ̀sì máa ń sun, tí wọ́n á mú un kúrú.

"Bàbá, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Òkè tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta. Àwa mọ́kànlá. Méjì ò lè dìde, ọmọ ọwọ́ kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ ọmọ ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n má gba iwájú wá o, òpó iná wó síbẹ̀, wáyà irin wà lábẹ́ omi, á fa ọkọ̀ ya. Ẹ̀yìn ni kí wọ́n gbà. Ẹ tún un sọ fún mi."

Ó tún un sọ. Òkè òkúta. Mọ́kànlá. Ẹ̀yìn, kì í ṣe iwájú. Ìyàwó aránṣọ ti gbé fóònù sún mọ́ ẹnu Bàbá Wáyà, atukọ̀ ti wà lórí ẹ̀, ó ń gbọ́ ọ tààrà. Wọ́n gbọ́ bí ẹ́ńjìnì ṣe gbiná kí atukọ̀ tó sọ pé ó dìgbà.

"Bàbá, ta ló wà lọ́dọ̀ yín? Mò ń gbọ́ ohùn màámi kejì."

"Àwọn ni. Àti ọkọ wọn."

"Ṣé ẹ̀yin àti wọn ti ń sọ̀rọ̀?"

"A ò sọ̀rọ̀. Bátìrì rẹ̀ ló wà níbí."

Aránṣọ rẹ́rìn-ín láti imú, ó ń fọwọ́ ra ẹ̀yìn rẹ̀.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí aago mẹ́fà lù, ọmọ náà tún pè. Ohùn rẹ̀ ti tinrín sí i. Ọkọ̀ ti dé, ọkọ̀ ti lọ. Ènìyàn méje ló lè gbé. Àwọn méjì tí ò lè dìde, ìyá àti ọmọ ọwọ́, àwọn arúgbó mẹ́ta. Mẹ́rin ló kù, òun náà wà nínú wọn. Atukọ̀ sọ pé òun á wá epo, òun á padà wá ní ìdájí.

"Kí ló dé tí o ò wọ ọkọ̀? Ìwọ ni nọ́ọ̀sì, àwọn aláìsàn ló yẹ kí o tẹ̀ lé." Bàbá Wáyà ò mọ̀ pé òun ti dìde dúró.

"Àwọn tó kù náà ń ṣàìsàn, Bàbá. Mo ní kí n dúró, mo sì dúró."

"Omi ńkọ́?"

"Ó ṣì ń gòkè. Kò yára mọ́. Bàbá, bátìrì mi ò lè kọjá ẹ̀ẹ̀kan sí i. Aago márùn-ún àbọ̀ ìdájí, bí a ṣe máa ń ṣe é." Ó pa á.

"Ta ni ọmọ yìí fi orí kunkun jọ?" ni Bàbá Wáyà béèrè, kò sì dá ohùn ara rẹ̀ mọ̀.

"Mo ní dígí nílé," ni aránṣọ wí. "Mo lè lọ gbé e wá fún yín."

Kò sẹ́ni tó lọ sùn. Bàbá Wáyà pa rédíò, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tan gílóòbù kan lórí bátìrì náà. Ọ̀rọ̀ wáyà tí wọ́n gé kò wá sí ẹnu. Ó wà níbẹ̀, ó jókòó láàrin wọn, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ráyè fún un. Ìyàwó aránṣọ ń gbàdúrà láìjẹ́ kí ètè rẹ̀ dún.

Aago márùn-ún àbọ̀ lù. Ó tan rédíò, ó dúró. Ìdákẹ́jẹ́. Ó pe ọmọ rẹ̀. Ìdákẹ́jẹ́. Ó tún pè é, ó gbé ọwọ́ kúrò lórí bọ́tìnnì, ó tẹ́ etí sínú ibi tí ohunkóhun ò ti bo ohunkóhun mọ́, níbi tí èèyàn ti lè gbọ́ bí ẹni tó wà lókè kejì bá mí. Kò gbọ́ nǹkan kan. Aránṣọ gbé ọwọ́ lé e léjìká, ó sì jẹ́ kó wà níbẹ̀.

Ó pè é ní ẹ̀ẹ̀kẹta.

"...Bàbá." Kò ju èémí lọ. "A ń gbọ́ ẹ́ńjìnì. Ó ń gba ẹ̀yìn bọ̀. Bátìrì ti..."

Ó gé síbẹ̀.

Wọ́n dúró pẹ́. Ojú fèrèsé bẹ̀rẹ̀ sí í funfun. Aránṣọ nà, eegun rẹ̀ dún, ó tẹ̀ síbi bátìrì rẹ̀, ó dì í mú.

"Ṣé mo lè máa gbé e lọ báyìí?"

"Ọmọ mi ò tíì dé orí ilẹ̀."

Aránṣọ gbé ọwọ́ kúrò lára bátìrì, ó sì tún jókòó.